Ikùn Sájẹ́ńtì Kì í Ṣe Dígí

Ẹ jókòó. Ẹni tó rí àga kó fi ìdí lé e, ẹni tí kò rí kó tẹ́ aṣọ sórí iyanrìn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ ní tiẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé lọ́wọ́ yìí kì í sáré. Èmi náà ti dàgbà. Irun orí mi ti funfun, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọmọ-ọmọ ni mo jẹ́ sí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, ọmọ-ọmọ àgbà pátápátá, torí bàbá mi tó ti dolóògbé ni àkọ́bí wọn. Yèyé ni mo ń pè wọ́n. Gbogbo Eleko ń pè wọ́n ní Ìyá Aláàrò, nítorí ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, níbi tí èéfín ti ń rú láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Yèyé ti lọ. A ti sin wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá jókòó síta wa, tí wọ́n ń mi orí, tí wọ́n ń sọ pé èèyàn rere lọ, pé a ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹnu kan náà ni. Ẹnu tó pe Yèyé ní àjẹ́ ló ń pè wọ́n ní èèyàn rere, kò tiẹ̀ fi omi fọ ara rẹ̀ láàárín méjèèjì. Ṣé ẹ rí mi bí mo ṣe jókòó yìí? Inú ń bí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìbànújẹ́ nìkan ni. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ìbínú ló jókòó sórí àga, ìbànújẹ́ jókòó sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ológbò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Yèyé jẹ́, kí ẹ lè mọ ẹni tí wọ́n fọwọ́ ìdọ̀tí kàn.

Ẹni tó bá ń yan ẹja mọ̀ pé eku ni ọ̀tá. Ẹja tútù, òkun ló ni ín. Ẹja yíyan, eku ló ni ín bí o kò bá ní ológbò. Yèyé kì í fi oògùn eku síbi tí oúnjẹ wà. Ológbò ni wọ́n ń sìn, láti ìgbà èwe mi, bí ọ̀kan bá kú òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Orúkọ oyè àwọn ṣọ́jà ni wọ́n sì máa ń sọ wọ́n. Èyí tó kẹ́yìn ni Sájẹ́ńtì, akọ ológbò pupa tí ikùn rẹ̀ funfun, tí etí rẹ̀ kan ya nínú ìjà tí kò sẹ́ni tó mọ̀dí rẹ̀. Láràárọ̀, bí ọkọ̀ àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀, tí Yèyé bá ti ra ẹja wọn sínú ọpọ́n, ẹja kékeré kan kì í wọ ààrò láéláé. Ti Sájẹ́ńtì ni. Wọ́n á há a fún un kí oníbàárà kankan tó fọwọ́ kan ọjà.

Ìyá Sàídì, tó máa ń ti Awoyaya wá ra ẹja lọ tà, dúró lọ́jọ́ kan, ó káwọ́ gbera.

"Ìyá Aláàrò, èmi oníbàárà ń dúró lóòrùn, ológbò lẹ ń bọ́!"

Yèyé ò gbójú sókè. "Ìwọ ń wá, o ń lọ. Òun ò lọ sílé rí."

"Ṣé òun ló máa sanwó fún yín ni?"

"Bí kò bá sí òun, ẹja wo lo fẹ́ rà? Dúró ńbẹ̀ jàre. Ẹni tó ṣọ́ ọjà ló ń kọ́kọ́ jẹun."

Yèyé kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìtú u wò. Bí apẹja bá gbé ẹja tí ikùn rẹ̀ wú wá, tó ń búra pé ẹyin ló wà níbẹ̀, wọ́n á fa ọ̀bẹ yọ, wọ́n á là á lójú rẹ̀. Èèyàn ńkọ́? Bákan náà. Mo ti gbé lọ́dọ̀ wọn rí ní kékeré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dìídì ká gúlútú sórí ẹní, mo ní inú ń run mí, n kò lè lọ sílé-ìwé. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n tẹ ikùn mi níhìn-ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n gbé etí lé e, wọ́n ní kí n yọ ahọ́n, wọ́n wo abẹ́ ojú mi. Mo ti rò pé mo ti borí. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n gbọn ìró wọn nù.

"Inú yìí ò run ẹ́," wọ́n ní. "Ilé-ìwé ló ń run ẹ́."

Àwọn tó ń kí wa kú àṣẹ̀yìndè ń sọ pé onísùúrù ni Yèyé. Irọ́ ni. Yèyé ò ní sùúrù, wọ́n sì mọ ìjà í jà. Ọ̀gá kan kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, fún àwọn tó máa ń wá gbafẹ́ létí òkun lópin ọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tó fi wá sí ẹnu ààrò pẹ̀lú bàtà tó ń dán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èéfín yín yìí ti pọ̀ jù. Àwọn àlejò mi ń wúkọ́."

"Kí ni wọ́n jẹ lánàá?"

"Ẹja ni, Màmá."

"Ẹja báwo?"

Ọkùnrin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ojú tì í. "Ẹja yíyan."

"Ẹ wá ń jẹ ẹja yíyan, ẹ ò fẹ́ kí iná jó."

Kò padà wá mọ́. Àmọ́ nígbàkúùgbà tó bá gba iwájú ilé kọjá tó sì kí wọn, Yèyé á bi Ràímótù, ọmọ àbúrò wọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ààrò, pé, "Ṣé o gbọ́ nǹkan? Ó jọ pé èéfín ló ń sọ̀rọ̀."

Ó yá. Ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń dùn mí.

Sájẹ́ńtì darúgbó. Ó kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Ẹja tó máa ń já gbà, á gbóòórùn rẹ̀, á yíjú kúrò. Ó ń bì. Ó rù. Lẹ́yìn náà ni irun ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kì í ṣe bí ti ajá tó ní èkúkú, tí ara rẹ̀ á máa ṣe èépá, tí á máa họra kiri. Sájẹ́ńtì ò họra. Ẹ kàn fọwọ́ kan irun náà báyìí, á tẹ̀lé ọwọ́ yín. Awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá ń dán, ó ń dán bí ẹni fi epo pa á. Bó bá nà sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú un, ikùn rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń bó, ó ń fẹ̀sọ̀ tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún.

Ìyá Sàídì ló kọ́kọ́ lanu. "Háà! Ìyá Aláàrò, kí ló ń kọ mọ̀nà lára ológbò yín? Bíi dígí!"

Ohun tó sọ nìyẹn, bíi dígí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà á fi dé Awoyaya, "bíi" ti jábọ́ sójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa dígí láàárín wa. Wọ́n ní inú rẹ̀ ni àwọn àgbà burúkú ti ń pe àwòrán ọmọ ọlọ́mọ jáde, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un. Àwọn èèyàn wá ń sọ ọ́ kiri pé ìyá arúgbó kan wà ní Eleko tí kò nílò dígí inú férémù, pé ó ti rí èyí tó ń mí. Mùsùlùmí ni wá o. Gbogbo wa la ti gbọ́ lẹ́nu àlùfáà pé ẹran tó mọ́ ni ológbò, pé omi tó bá mu kù, èèyàn lè fi ṣe àlùwàlá. Wọ́n gbọ́ ọ láti kékeré, wọ́n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn oníbàárà ń dín kù. Èyí tó bá wá á dúró lókèèrè, á ní òun kàn ń kọjá ni. Ẹja ń jókòó sórí ààrò títí á fi gbẹ bí igi.

Ṣùgbọ́n ará àdúgbò kọ́ ló pa mí. Bọ̀dá Múfú ni. Àbúrò bàbá mi ni, àbíkẹ́yìn Yèyé. Ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ lónìí ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ó ní àwọn àtíbàbà tó ń fi háyà fún àwọn olùgbafẹ́ létí òkun. Ó ní ọmọbìnrin kan, Síkírá, tó ti wà nílé ọkọ tipẹ́tipẹ́, tí kò tíì rọ́mọ gbé pọ̀n. Síkírá ń sunkún, ìyá ọkọ rẹ̀ ń kùn, Bọ̀dá Múfú sì ń wá ẹni tó máa dá lẹ́bi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dígí dé etí rẹ̀, ó ti rí ohun tó ń wá.

Ẹnu ààrò ló bá Yèyé. Ràímótù wà níbẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi.

"Màámi, ológbò yìí gbọ́dọ̀ kúrò nílé yìí."

"Ara rẹ̀ ò yá."

"Kí lẹ ń fi ikùn rẹ̀ wò?"

Yèyé dúró, ẹja wà lọ́wọ́ wọn. "Kí lo sọ?"

"Inú ọmọ mi lẹ ń wò níbẹ̀. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Mo ti bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀, a máa jókòó lé e. Bí ológbò ò bá kúrò, ẹ̀yin náà á bá a kúrò."

Ràímótù ní Yèyé ò pariwo. Wọ́n yí ẹja náà padà kó má baà jóná, wọ́n wá wò ó.

"Ìgè ni ẹ́, Múfú. Ẹsẹ̀ lo fi wáyé. Mo rò pé ìrora yẹn ti parí."

Kí ẹ lóye ohun tó wà nílẹ̀. Obìnrin tó ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, bí ẹbí bá fi orúkọ àjẹ́ tì í síta, kò sí ibi tó máa lọ tí orúkọ náà ò ní ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. A mọ ohun tí ojú irú wọn ń rí. A ti gbọ́ ti òkúta, a ti gbọ́ ti táyà. Mo sáré lọ láti Jakande ní Ilasan, níbi tí mò ń gbé, mo ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kí n gbé wọn sọ́dọ̀ mi.

"Bí mo bá sá," Yèyé ní, "mo ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Níbo ni dókítà ẹran wà?"

"Yèyé, dókítà ológbò kẹ̀?"

"Ṣé ológbò ò ní inú ni?"

Mo gbé wọn lọ sí Ajah. Sájẹ́ńtì wà nínú agbọ̀n lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi ìborùn bò ó. Àwọn olówó Lekki kúnlé dókítà pẹ̀lú àwọn ajá ńláńlá tí wọ́n wọ̀ láṣọ. Gbogbo ajá ló ń gbó agbọ̀n Yèyé. Yèyé wo ọ̀kan tó wọ fìlà, wọ́n ní, "Ìwọ náà, bàbá ta ló kú tí o fi múra báyìí?" Obìnrin tó ni ín fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Ó ha awọ Sájẹ́ńtì díẹ̀, ó wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní òun ò rí kòkòrò, òun ò rí làpálàpá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan tó fara kàn ló bá a jà. Ó fún wa ní oògùn ìpara, ó gún un lábẹ́rẹ́ aràn. A padà sílé. Kò yí nǹkan kan padà, rírù rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. A tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ojú Yèyé ti le.

Dókítà tún fọwọ́ kan irun etí ikùn, irun bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́. Ó yí Sájẹ́ńtì sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo bó ṣe ń dán, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ṣé ó ń bì?"

"Ó ti ń bì tipẹ́."

"Ẹ ò sọ fún mi níjọ́sí."

"O ò bi mí. Awọ lo gbájú mọ́. Mo rò pé èébì ọjọ́ ogbó ni."

"Àwa méjèèjì la ṣì í," dókítà ní. "Màmá, irun tó ń já láìsí ara yíyún, awọ tó ń dán báyìí, lára ológbò tó ti dàgbà, ìgbà mìíràn inú lọ́hùn-ún ni àìsàn náà wà, tó ń rán iṣẹ́ sí ara. Inú ìwé ni mo ti rí i, mi ò fojú ara mi rí i rí. Ẹ jẹ́ kí n fi síkáànù wo inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wo aboyún. Kò tiẹ̀ sí irun tí mo máa fá."

"Iṣẹ́ kan dín kù nìyẹn," Yèyé ní.

Wọ́n da omi ìpara tútù sí i níkùn, wọ́n ń fi irin kékeré rìn lórí rẹ̀. Èmi ò rí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ ju kùrukùru lọ. Dókítà dúró sójú kan, ó pe Yèyé kí wọ́n sún mọ́ ọn. Ó fi ìka hàn wọ́n. Ó ní ẹran kan wà tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, páńkíríásì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń pèsè omi tí oúnjẹ fi ń dà. Kókó kan ti hù sí i lára, àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké sì ti dé ẹ̀dọ̀.

"Jẹjẹrẹ ni mo fura sí, Màmá. Ti ibẹ̀ yẹn ṣọ̀wọ́n lára ológbò. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra. Ó di kí n fi abẹ́rẹ́ fà díẹ̀ nínú rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sáwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Yèyé wò ó títí. "Àwọn èèyàn mi ò wo nǹkan kan, wọ́n ti búra. Ìwọ tí o wo inú rẹ̀, o ní o ò lè búra. Fà á, ọmọ mi. Mo fẹ́ mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é."

Kí ọjọ́ ìpàdé ẹbí tó pé, èsì ti dé. Jẹjẹrẹ ni, láti ara páńkíríásì náà gan-an. Dókítà ní kò ràn, kò sí ẹni tó fi ṣe é, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà mọ́ torí ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ohun tó kù ni kí òun gún un lábẹ́rẹ́ tí á fi sùn lọ pátápátá, kó má baà jìyà. Yèyé ní ká fún òun láàyè títí di ọjọ́ kejì ìpàdé. Wọ́n ní Sájẹ́ńtì ní ẹ̀rí tó máa jẹ́.

Abẹ́ igi àgbọn níwájú ilé la jókòó sí. Olórí ẹbí, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ ṣì mú, wà láàárín. Síkírá jókòó sẹ́yìn, ó sorí kọ́. Bọ̀dá Múfú dìde, ó sọ tiẹ̀: ọmọ òun, ológbò, dígí, ohun tí àwọn ará Awoyaya ń wí. Ó sọ ọ́ débi pé ó gbàgbé pé ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni Yèyé ní kí n pe dókítà lórí fóònù, kí n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta. Dókítà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá tó mọ́, láti orí awọ dé inú.

"Ta ló mọ̀ bóyá ẹ ti bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀?" Bọ̀dá Múfú ní.

Mo fò dìde. Yèyé fi ọwọ́ dá mi padà. Wọ́n ṣí agbọ̀n, wọ́n gbé Sájẹ́ńtì jáde. Kò wúwo ju ìborùn tí wọ́n fi bò ó lọ. Wọ́n gbé e mọ́ àyà, wọ́n kọ ikùn rẹ̀ síta, oòrùn mú un, ó kọ mọ̀nà. Àwọn kan fa àga wọn sẹ́yìn.

"Ẹ ní dígí ni," Yèyé ní. "Ó dára. Ẹni tó bá ti rí ọmọ elòmíràn nínú rẹ̀, kó wá rí ojú ara tiẹ̀."

Wọ́n gbé e dé iwájú olórí ẹbí. "Bàbá, kí lẹ rí?"

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. "Ikùn ológbò ni mo rí."

Wọ́n gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ikùn ni, Màmá."

Wọ́n ń gbé e kiri báyìí, láti orí àga dé orí àga. Ikùn ni. Ikùn ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé tiẹ̀ ní, "Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ológbò ló sì ń kí. Ó wá kan Bọ̀dá Múfú. Ó yíjú.

"Múfú, wò ó."

"Mi ò wò ó."

"Látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣé o ti wò ó rí?"

Ó ń fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn.

"O fẹ́ lé ìyá rẹ nílé," Yèyé ní, "nítorí ohun tí o ò wò."

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Yèyé dá Sájẹ́ńtì padà sínú agbọ̀n, wọ́n yíjú sẹ́yìn. "Síkírá. Ológbò lásán ni mo gbé lọ kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò. Ìwọ tí o jẹ́ èèyàn, ta ló ti yẹ inú tìrẹ wò? Ta ló yẹ ọkọ rẹ wò? Àbí ẹkún àti èmi nìkan ni oògùn tí ẹ mọ̀?"

Olórí ẹbí ní kí Yèyé máa gbé ilé wọn, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ni gbogbo wọn bá ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má bínú. Èyí tí wọn ò sọ fún yín nígbà tí wọ́n ń yìn wọ́n níta yìí ni ìdáhùn tí Yèyé fún wọn.

"Mo bínú. Mo ṣì ń bínú lọ́wọ́. Ẹ dìde kúrò nílẹ̀ mi."

Lọ́jọ́ kejì a gbé Sájẹ́ńtì lọ sí Ajah. Dókítà sọ fún Yèyé pé wọ́n lè dúró síta bí wọn ò bá fẹ́ rí i. Yèyé ti gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀, lẹ́bàá etí tó ya.

"Òun náà ò fi ẹja mi sílẹ̀ rí," wọ́n ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, láràárọ̀ ni Bọ̀dá Múfú ń wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ṣe sàláámà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Yèyé dáhùn sàláámà náà dáadáa, torí dandan ni lẹ́sìn. Inú Bọ̀dá Múfú fẹ́ dùn. Ni wọ́n bá gbójú sókè láti orí ààrò.

"Ti Ọlọ́hun ni mo dáhùn yẹn. Tìrẹ ò tíì kàn."

Kò kàn títí wọ́n fi lọ. Ẹ má sọ fún mi pé ìyá ni ìyá, pé wọ́n ti dárí jì í nínú ọkàn wọn. Mo mọ ọkàn wọn. Èmi ni mo ń gbé wọn kiri.

Ṣùgbọ́n Síkírá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀tàn àti ìjà fa ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ àwọn méjèèjì wò. Ara ọkọ ni ìṣòro wà, ohun tí oògùn lè ṣe sì ni. Nígbà tí oṣù rẹ̀ dúró, kò lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹnu ààrò ló gbà lọ, ó kúnlẹ̀ sínú èéfín, ó sọ ọ́ sí Yèyé létí. Yèyé gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, wọ́n ṣe àdúà gígùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó."

Mo sọ èyí kí gbogbo yín gbọ́. Yèyé wà láàyè nígbà tí oyún náà dúró. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Oyún ti yọ síta dáadáa kí wọ́n tó sùn lẹ́yìn ìrun àsárì tí wọn ò jí mọ́. Torí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan níbi òkú gan-an, tó ń sọ ọ́ lábẹ́ ìborùn pé, "Ẹ ò rí i? Ìyá lọ, ọ̀nà là." Ìránkíràn! Bí ó bá tún sọ ọ́ létí mi, èmi àti ọjọ́ orí mi á jọ fò fẹ̀rẹ̀ lé e.

A ti pín ohun tí Yèyé fi sílẹ̀. Ràímótù ló gba ààrò, àwọ̀n irin tí wọ́n ń to ẹja lé, àti àwọn oníbàárà tó ń padà wá bí ẹni pé ọ̀nà ni wọ́n ṣì. Ìyá Sàídì wà lára wọn. Yàrá bọ́ sọ́wọ́ Bọ̀dá Múfú, òun ni ọmọ tó kù láyé. Síkírá gba ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti kùránì. Ìborùn tí a fi bo agbọ̀n kan èmi; èéfín ò tíì kúrò lára rẹ̀, mi ò sì ní fọ̀ ọ́.

Ó wá ku orúkọ wọn. Síkírá bí obìnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, àlùfáà ti pe ọmọ ní Àmínátù, ni Bọ̀dá Múfú bá dìde. Ó ní òun náà ní orúkọ tí òun fẹ́ fún un. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Yétúndé," ó ní.

Ilé hó yèè. Àwọn obìnrin ń ṣẹ́jú omi dànù. Èmi ò hó. Ẹni tí o fẹ́ tì síta, o wá ń kí i káàbọ̀ sínú ilé tìrẹ, o sì fẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún ọ! Mo wo Síkírá. Ó ń wo ilẹ̀.

Wọ́n gbé ọmọ náà fún mi, gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọmọ àgbà, kí n ṣe àdúà sí i. Mi ò tíì lanu tó fi fi igbe ta. Ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀, ó di ìkúùkù méjèèjì, ó ń ké débi pé àlùfáà gan-an bo etí. Bọ̀dá Múfú sáré wá, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Gbé e wá kí n rẹ̀ ẹ́. Gbé e wá."

Mo fà á mọ́ra.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo ní. "Ọ̀rọ̀ ló ń bá yín sọ."